Màmá Ìbítáyọ̀ Dárúkọ Agbo Ilé Lórí Láífù

Èmi Mùínátù ni mo kọ́ Màmá Ìbítáyọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe láífù lórí ayélujára. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ sí mi létí, mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe kọjú sí ilé wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo kọ́ wọn ní ibi tí wọ́n máa tẹ̀, bí wọ́n ṣe máa gbé fóònù dúró, àti bí wọ́n ṣe máa ka ọ̀rọ̀ táwọn tó ń wò bá kọ sísàlẹ̀. Ohun tí èèyàn kì í sọ níbẹ̀, n kò kọ́ wọn. Ta ló máa rò pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ṣì nílò ẹ̀kọ́ yẹn?

Ìkókoré ni Màmá máa ń sè lórí láífù. Wọ́n á rin ewùrà, wọ́n á máa bù ú sínú ọbẹ̀ ẹja yíyan díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa pariwo mọ́ àwọn tó ń wò: "Ẹ má rò ó bí ẹ̀bà o!" Ẹ̀rín á pa mí ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ wọn, Bàbá Micah, dùbúlẹ̀, láífù yìí nìkan ló ń mú Màmá túraká.

Ní Ọjọ́rú kan, ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Fálolú kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ìyá wa, ọmọ Odogbolu lèmi. Ọmọ yèsí lẹ jẹ́?"

Ibi tí wọ́n ti mú wa nìyẹn. Bí Ìjẹ̀bú bá bi ọ́ ní ọmọ ẹni tí o jẹ́, tí o wá ń fi agbo ilé rẹ pamọ́, wọ́n á ní ohun kan ń bẹ nílé yín. Inú Màmá dùn. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n dárúkọ bàbá wọn, wọ́n dárúkọ agbo ilé, wọ́n dárúkọ àdúgbò táwọn ń gbé báyìí. Wọ́n tiẹ̀ gbé fóònù sójú fèrèsé kí ọmọ Odogbolu lè rí géètì. Fálolú ní òun á wá kí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Há, mi ò ní sí ńlé o. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni mò ń lọ, a fẹ́ sin ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá nìkan ló máa wà ńlé, wọn ò sì lè dìde ṣílẹ̀kùn fún yín. Aago márùn-ún ni nọ́ọ̀sì wọn máa ń dé. Ẹ kúkú wá ní Sátidé, màá se ìkókoré dè yín."

A máa ń sọ pé ogiri létí, a sì máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí aládùúgbò. Irínwó àjèjì wà ní ìdáná Màmá lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ bo ẹnu. Ọkàn mi ní kí n sáré sọdá lọ pa láífù náà, àmọ́ oníbàárà wà níwájú mi. Mo fi àmì ìfẹ́ pupa kan ránṣẹ́ sí wọn, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Inú ṣì ń bí mi sí ara mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ kírun. Nígbà tí mo dé, géètì wọn wà ní títì, n kò fura. Aago márùn-ún ni nọ́ọ̀sì figbe ta. Àwọn olè ti kó tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀ àti àpótí aṣọ Màmá. Wọ́n ti wọ́ Bàbá jù sílẹ̀ kí wọ́n lè wo abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. Orí sìmẹ́ńtì ni Bàbá wà láti ọ̀sán, ohùn wọn ò sì lè dé títì.

Ọlọ́pàá bi Màmá pé ta ló mọ̀ pé wọn ò ní sí nílé. Màmá na fóònù sí i. Orúkọ Fálolú ti pòórá níbẹ̀.

Ọjọ́ keje ní ọsibítù ni Bàbá kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá sọdá wá bá mi. "Mùínátù, bá mi pa fídíò yẹn rẹ́." Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn wò ó lẹ́ẹ̀kan ná. Níbi tí wọ́n ti ń ka agbo ilé fún Fálolú, a gbọ́ ohùn Bàbá láti yàrá: "Ìyá Micah, omi." Màmá inú fídíò ò gbọ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Mò ń bọ̀," ni Màmá tó dúró tì mí wí, ni wọ́n bá bú sẹ́kún.

Mo gba fídíò náà sínú fóònù wọn, mo sì pa ti orí ayélujára rẹ́. Ní báyìí, bí mo bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ láti fèrèsé wọn: Bàbá á béèrè omi, Màmá á dá wọn lóhùn.