Àálè tí Mo So Mọ́ Òdòdó Màmá

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ pé òdòdó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di onífàyàwọ́ lójú gbogbo Ayétòrò. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ kà á tán ná.

Kétu, lódìkejì ibodè, ni wọ́n bí ìyá mi sí. Àgbàlá bàbá wọn níbẹ̀ ni mo ti gé ẹ̀ka igi òdòdó kan wá, tí mo gbìn ín sábẹ́ fèrèsé wọn. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ló máa ń tanná, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ tí òórùn rẹ̀ ń gba gbogbo ilé. Ọyẹ́ méjì kọjá, igi ò ṣe nǹkan kan. Ìjọba wá ti ibodè pa. Màmá, tí ojú wọn ò ríran mọ́, ní, "Bí ẹsẹ̀ mi ò bá lè dé ilé bàbá mi mọ́, jẹ́ kí imú mi débẹ̀."

Lọ́dún yẹn gan-an ni igi náà rudi.

Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Ewúrẹ́ àdúgbò wa ò mọ ọgbà ẹni tó ń wọ̀, àwọn ọmọdé sì ń já ohun gbogbo. Ni èmi tíṣà bá fi sálúbàtà tó já, ṣùkù àgbàdo àti àkísà pupa ṣe àálè, mo so ó mọ́ igi. Mo tún tu ilẹ̀ ìdí rẹ̀, mo da ìgbẹ́ adìẹ sí i.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ewúrẹ́ náà ti ń kàwé báyìí?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ya wọ àgbàlá wa, wọ́n ń wá ìrẹsì fàyàwọ́. Ọ̀gá wọn tẹjú mọ́ àálè.

"Kí lẹ rì síbẹ̀?"

"Ọ̀gá, òdòdó ni."

"Àálè lára òdòdó? Ilẹ̀ ìdí rẹ̀ sì tún rọ̀ báyìí? Bàbá, ẹ má fi mí ṣe ọmọdé." Ó yíjú sáwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ gbẹ́ ẹ!"

Ṣọ́bìrì wọlẹ̀. Eruku bò mí lójú, bò mí nímú. Mo gbọ́ pá! Gbòǹgbò kan ti já. Màmá fọwọ́ tọ ògiri jáde.

"Ta ló ń gbẹ́lẹ̀ nídìí igi mi?"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà dá ṣọ́bìrì dúró.

"Ó dáa. Ẹni tó bá fà á tu ni yóò pọ̀n mí dé Kétu. Mi ò sì fúyẹ́ o."

Ọ̀gá wo Màmá, ó wo kòtò. Ìgbẹ́ adìẹ nìkan ló wà níbẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú," ló sọ. Ó kọjú sí mi: "Ẹ̀yin, ẹ tú rádaràda yẹn kúrò!" Wọ́n lọ.

Mo kó erùpẹ̀ padà, mo bomi sí i. Kó tó di àṣálẹ́, ewé ti rọ bí ẹ̀fọ́ àná.

"Ṣé ó ṣì wà láàyè?" Màmá bi mí.

"Ó wà, Màmá." Mi ò lè wo ojú wọn, bẹ́ẹ̀ wọn ò kúkú rí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀pá Màmá ló kanlẹ̀kùn mi. "Ọkọ mi, dìde! Ó ti tanná!"

Mo sáré jáde. Mẹ́ta péré ni, funfun báláú, lórí ẹ̀ka tí ṣọ́bìrì ò dé ìhà rẹ̀. Màmá ti padà sójú fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Ìdí kànga wa nìyí... ìloro bàbá mi nìyí..." Mo kúnlẹ̀, mo ti imú bọ òdòdó náà. Mo fa òórùn rẹ̀ símú, mo tún fà á. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Eruku àná àti ọyẹ́ ti ti imú mi pa bí ibodè.