Ọjọ́ Tí Uncle Lékan Kò Bú County

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ èébú láti ẹnu Uncle Lékan, ẹ bi í léèrè county. Ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ràn ló ń pè bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ọmọ ìjọ wa ní Thamesmead ní London, èèyàn jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹsàn-án, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lónìí, àwọn ọmọ county á bat, wọ́n á fi igi wọn gbá bọ́ọ̀lù títí inú rẹ̀ á fi dùn. Lọ́la, ẹni àkọ́kọ́ out, wọ́n ti lé e kúrò nídìí igi, ẹni kejì out, kí èèyàn tó fọ abọ́ oúnjẹ àárọ̀ tán, gbogbo wọn ti out. Àwọn ni wọ́n pa òwe fún pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Uncle Lékan á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nínú sùtánà funfun, bàtà lọ́wọ́, á máa bú wọn.

Èmi ò rí adùn eré tí wọ́n ń fi odindi ọjọ́ mẹ́rin ṣe, tí wọ́n tún ń dá dúró láti mu tíì. Ẹnì kan ṣoṣo ló yé nínú wa: Uncle Ìbítóyè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama n'Ìbàdàn, níbi tí àwọn méjèèjì ti gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Lékan á bú county, Ìbítóyè á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ní 2016, àìsàn dá Ìbítóyè wólẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí dókítà máa bá Àpèkẹ́ ìyàwó òun sọ̀rọ̀. Àpèkẹ́ wá pè wá, ó ní kò ní í pẹ́ mọ́, ó sì fi Ọlọ́run bẹ̀ wá pé ká má jẹ́ kó gbọ́. Bí tiwa ṣe rí nìyẹn. A kì í sọ fún aláìsàn pé ikú ń bọ̀, kí ọkàn rẹ̀ má baà kú ṣáájú ara. Bí a bá wọlé, ẹ̀rín la máa ń rín. "Ara yín ti ń yá, sir."

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, mo gbé ògì lọ sí ilé wọn lẹ́bàá adágún Southmere. Wọ́n ń wó àwọn ilé àtijọ́ nítòsí, eruku ò jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé. Uncle Lékan dé láti ibi iṣẹ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo fóònù rẹ̀, ó pòṣé.

"Gbogbo wọn ti out! Wọ́n ti disgrace wa!"

Ó nu ojú, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé tọ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Lékan, county ńkọ́?" Ìbítóyè béèrè.

"Wọ́n ń ṣe dáadáa. Àwọn tó ṣáájú ṣì ń bat."

"Àwọn wọ̀nyẹn?"

"Ah, wọ́n ń try o. Kò yẹ ká máa bú wọn. Ọmọ dáadáa ni wọ́n."

Mo retí ẹ̀rín. Ìbítóyè kò rín. Ó gbé ife ògì sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Láti ilé ìwé, Lékan, mi ò gbọ́ kó o yin ẹni tó ń bat rí."

Ó yíjú sí mi, mo wolẹ̀. Ó yíjú sí Àpèkẹ́, ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀.

"Kí ni dókítà sọ fún yín?"

Uncle Lékan fò dìde. "Irọ́ ni mo pa! Wọ́n ti out! Gbogbo wọn! Ọ̀lẹ ni wọ́n, useless people, wọn ò mọ igi í dì mú!" Ó ń pariwo, omijé ń dà lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju ti aláìsàn lọ.

Ìbítóyè jẹ́ kó bú wọn tán.

"Àpèkẹ́," ó ní, "kí ni dókítà sọ?"

Àpèkẹ́ jókòó sẹ́bàá rẹ̀ lórí ibùsùn, ó sì sọ fún un.