Títí Yóò Fi Tẹ "Mo Gbà"

Ìbínú ni mo fi kọ áàpù àkọ́kọ́ mi. Àwọn kan máa ń sọ pé ìfẹ́ ìmọ̀ ló gbé àwọn débẹ̀. Ní tèmi, mo fẹ́ kí ojú ti ẹnì kan ni. Ẹni náà ni àbúrò ọkọ mi, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìfàkì, tí gbogbo ẹbí ń pè ní ẹnjiníà.

Télọ̀ ni mí ní Ìkọ̀lé, ní ọ̀nà yunifásítì. Ìpáò ni ilé ọkọ mi, ibẹ̀ sì ni ìyá ọkọ mi ń gbé. Nígbà tí àìsàn kọ́kọ́ gbé ìyá yìí ṣánlẹ̀, odindi òwúrọ̀ la fi wá mọ́tò tí yóò gbé wọn dé ọsibítù. A pe àwọn tó wà ní Ọ̀yẹ́, a pe àwọn ti Ìdó, pàbó ló já sí. Ẹ̀yìn ìgbà náà la gbọ́ pé ọmọ ẹbí kan ti gbé mọ́tò wálé láti ọjọ́ tó ṣáájú, ó gbé e sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, nítòsí wa níbẹ̀. Nígbà tí ẹbí ṣèpàdé, mo kúnlẹ̀, mo ní kí a ṣe áàpù kan sórí fóònù, tí yóò máa fi ẹni tó wà nítòsí hàn wá àti ẹni tó ní mọ́tò. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín.

"Uyàwó, lọ wo ọbẹ̀ níná, kó má jóná."

Mo lọ wo ọbẹ̀. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló dìde, tó ní òun ti ro ohun kan fún ẹbí: áàpù tí yóò máa fi ẹni tó ní mọ́tò hàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló ṣe sọ ọ́. Àwọn àgbà súre fún un, ìyá ọkọ mi gbé ọwọ́ lé e lórí. Èmi ni mo gbé oúnjẹ fún un lọ́jọ́ náà, ẹran tó tóbi jù ni wọ́n sì ní kí n bù sí i. Mo bú u nínú mi. Nígbà tí mo padà dé ẹ̀yìnkùlé, aya àgbà, tí wọ́n ṣáájú gbogbo àwa aya wọ ilé, wo ojú mi, wọ́n sì fún ẹnjiníà lórúkọ lójú ẹsẹ̀: Agbọpẹ́-oníṣẹ́. Ohun tí gbogbo àwa aya ilé ń pè é ní ìdí ààrò nìyẹn láti ìgbà náà.

Ní ilé wa, aya kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Orúkọ tí ìwọ fúnra rẹ bá fún un lo máa pè é: Akọ̀wé mi, Eyínfúnjowó, Ọkọ Ìfàkì. Èmi tí mo tó pọn ẹnjiníà yìí, "ẹ" ni mò ń pè é, "o" ló ń pè mí. Mi ò bá àṣà jà. Òun ni mò ń bá jà.

Áàpù tó gba àdúrà lé lórí, kò ṣe é. Mo wá pinnu pé èmi ni n óò ṣe é. Mo ti rí i lórí fóònù pé AI kan wà tó ń bá ẹni tí kò mọ nǹkan kan kọ áàpù, pé ohun tí o bá fẹ́ ni kí o ṣáà sọ fún un. Bí mo bá ti rán aṣọ kan tán, n óò gbé fóònù lé orí máṣíìnì, n óò máa fi Yorùbá àti gẹ̀ẹ́sì tí kò dọ́gba bá a sọ̀rọ̀. Yóò kọ ọ́, n óò dán an wò, lẹ́tà pupa tó ń sọ pé kò ṣiṣẹ́ yóò bo ojú fóònù. N óò da lẹ́tà pupa náà padà fún un. Yóò bẹ̀ mí, yóò ní àṣìṣe òun ni. Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó! Láti ọjọ́ tí mo ti di aya ilé, mi ò tíì rí ẹni tó ṣẹ̀ mí tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Nígbà mìíràn, á tún ibì kan ṣe, á ba ibòmíràn jẹ́, bí ọmọṣẹ́ tí a ní kó dín ìbàdí gáùn tó lọ rán apá rẹ̀ mọ́ra. Mo kọ́ láti má bẹ̀ ẹ́ ní ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ́ láti tọ́jú èyí tó ń ṣiṣẹ́ kí n tó tún fọwọ́ kàn án. Bó bá sì sú mi, n óò rántí ẹran ńlá yẹn, ara mi á tún le.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, mo ní kó ṣe ojú ìwé kan síwájú, kó kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: "Aya ilé yìí ló ṣe áàpù yìí. Ṣé o gbà?" Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀: "Mo gbà." Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ kò ní wọlé. AI bi mí bóyá kí òun fi "Rárá" sí i. Mo ní kò pọn dandan.

Mo gbé e lọ sí Ìpáò. Àwọn ènìyàn ń tẹ "Mo gbà", wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà kò tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló dúró sí tó ń yọjú wò ó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tẹ orúkọ àbúrò wọn tó wà ní Ọ̀yẹ́ láti fi wá a. Kò sí. Wọ́n tẹ orúkọ ẹlòmíràn. Kò sí. Aya àgbà gba fóònù, wọ́n tẹ orúkọ tí àwọn ń pè é. Kò sí. Ìgbà náà ló yé mi. Nígbà tí mò ń kó ẹbí sínú áàpù, èmi nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ mi kò gbà láti tẹ orúkọ ọkọ kankan. Orúkọ tí èmi ń pè wọ́n ni mo tẹ̀, mi ò tilẹ̀ fura. Áàpù tí èmi nìkan lè lò ni mo gbé wá síwájú gbogbo ẹbí.

"Áàpù aya ulé!" ẹnjiníà pariwo. "Kò mọ ẹnì kankan nínú ulé!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo sunkún nínú takisí dé Ìkọ̀lé.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ro ẹjọ́ fún AI. Ó ní kí n sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó bá ń kó ènìyàn sínú rẹ̀ tẹ orúkọ gidi. Mo bá a wí, mo ṣàlàyé bí aya ṣe ń ṣe nílé ọkọ, ó sì yé e. A wá ṣe é báyìí: ojú ìwé kan fún ẹnì kan. Ọmọ ilé ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ gidi rẹ̀. Aya kọ̀ọ̀kan yóò fi orúkọ tí òun ń pè é sí i, aya tó fi í síbẹ̀ nìkan ló sì lè yọ ọ́. Èyí tó wù kí o fi wá a, wàá rí i.

Kò pẹ́ tí gbogbo ọmọ ilé ti tẹ orúkọ wọn, àfi ẹnì kan tí kò lè tẹ "Mo gbà". Ṣùgbọ́n àwa aya mọ nọ́ńbà rẹ̀, a mọ̀ pé ó ní mọ́tò, a sì fi í síbẹ̀. Aya àgbà ló kọ́kọ́ tẹ orúkọ ìdí ààrò náà, àwa yòókù tẹ̀ lé wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti wá mọ́tò lápá Ìfàkì, Agbọpẹ́-oníṣẹ́ ni yóò jáde. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àìsàn ìyá ọkọ mi tún dé, àwọn fúnra wọn ló ń ké pé, "Ẹ bá mi pe Agbọpẹ́-oníṣẹ́!" Ó wá, ó gbé wọn lọ sí ọsibítù, ara wọn sì yá. Ó ṣeun. Inú mi kò tíì rọ̀.

Lẹ́yìn èyí ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Yọ orúkọ yẹn, uyàwó. Tẹ orúkọ mi síbẹ̀."

"Háà, ọkọ mi! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè pè é. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín."

Ó ṣí áàpù náà lórí fóònù tirẹ̀. Mo rí i tó ń ka ìbéèrè náà. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́, ó tẹ òkè, ó tì í, ó tún un ṣí, bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Mo ń rán aṣọ mi lọ.

"Ṣé ẹ ò lè yọ ibi yìí ni?" ó bi mí. "Ẹ" ló pè mí.

"Mi ò lè yọ ọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ orúkọ rẹ̀, orúkọ náà jáde. Ó wá rí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

"Ẹni tó fi í síbẹ̀ ló lè yọ ọ́. Ẹ lọ bẹ aya àgbà."

Mo dìde nídìí máṣíìnì, mo kúnlẹ̀ fún un dáadáa, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Agbọpẹ́-oníṣẹ́."

Mo gbọ́ pé aya àgbà ti yọ tiwọn. Tèmi ṣì wà níbẹ̀.