Maté Tí Adájọ́ Fi Omi Híhó Pò

Ẹ̀rín ló kún inú ohùn Baldomero nígbà tí Eulalia, ìyàwó rẹ̀, gbọ́ ọ kẹ́yìn. Láti ilé ìwòsàn alárùn ọpọlọ ló ti pè é lórí fóònù.

"Ìyá Nélida, obìnrin kan ti dá mi lẹ́jọ́ lónìí!"

Adájọ́ ni ọkọ rẹ̀ nílùú wọn ní Salta, lórílẹ̀-èdè Argentina. Bí dókítà bá ní kí wọ́n fi tipátipá dá ẹnìkan dúró sílé ìwòsàn, Baldomero kì í fọwọ́ síwèé àfi tó bá ti bá onítọ̀hún mu maté, ewé tí wọ́n ń fi omi gbígbóná pò bíi tíì, ṣùgbọ́n tí omi híhó máa ń bà jẹ́.

"Remigia, aláìsàn tí wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé rẹ̀, tu maté mi dànù. Ó ní, 'Adájọ́, ta ní í fi omi híhó po maté? Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí wọ́n tì mọ́bí!'"

"Ó kúkú gbè mí lẹ́yìn! Ogójì ọdún ni mo ti ń wí i. Ṣé ẹ wá fọwọ́ sí i?"

"Kí n fọwọ́ sí kí ni? Orí ẹ̀ pé ju tèmi lọ. Ó ti lọ sílé. Mò ń bọ̀ wá parí lẹ́tà mi sáwọn aṣòfin, kí òfin sọ ọ́ di dandan pé kí adájọ́ kọ́kọ́ jókòó ti aláìsàn."

Ọkàn Baldomero dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́nà, ó sì kú kó tó délé. Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì, kò tíì parí.