Obìnrin Tí Mo Dúró Fún

Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi bẹ Ọlọ́run pé kó gbé obìnrin kan wá sí Warri fún mi. Kì í ṣe irú àdúrà tí èèyàn ń gbà sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá ń to ẹja gbígbẹ sórí tábìlì mi lọ́jà Enerhen ní Warri, inú ni mo ti ń gbà á, tìkanratìkanra.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Èmi àti ọkọ mi ti gbé abúlé apẹja kan rí ní Kamẹrúùnù, ilé obìnrin yìí, tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ló sì kángun sí tiwa. Iná kan náà la fi ń yan ẹja. Èmi ni mo gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ tó kéré jù. Nígbà tí àwọn olè ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í jí èèyàn gbé, àwọn àgbà abúlé ní kí gbogbo àlejò wá onídùúró, ọmọ onílẹ̀ tí yóò sọ pé òun mọ̀ wọ́n. Ẹni tí kò bá rí, kó máa lọ sílé rẹ̀. Mo nàka sí obìnrin yìí. Ó wolẹ̀, ó ní, "I no too sabi am." Ọjọ́ náà la kúrò. Ẹja mi ṣì wà lórí iná.

Aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Lọ́dún tó kọjá, ogun lé òun náà kúrò ní Kamẹrúùnù, ó gúnlẹ̀ sí etídò wa. Ẹ̀rù ajínigbé ti ń ba àwa náà, nítorí náà àwọn apẹja Nàìjíríà àti ti Kamẹrúùnù fẹnu kò pé kò sí àlejò tí kò ní ní onídùúró. Onídùúró gbọ́dọ̀ máa rí i lóṣooṣù. Bí àlejò bá ṣẹ̀, onídùúró rẹ̀ ni wọn yóò mú. Wọ́n bi obìnrin náà pé ta ló mọ̀ ní Warri. Èmi ló nàka sí.

"Madam, you sabi this woman?"

"I sabi am well well." Mo fọwọ́ síwèé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àánú ni. Bí mo bá kọ̀, wọn á dá a padà, n ò sì ní rí i mọ́. Mo fẹ́ máa rí i. Lóṣooṣù ni mo ń mú un dúró sínú oòrùn títí màá fi dá oníbàárà tó kẹ́yìn lóhùn, màá mumi, màá bá ará ìsọ̀ kejì ṣàwàdà. Ó dùn mọ́ mi dọ́ba. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń retí: kó bẹ̀ mí. Kò bẹ̀ mí.

Ní oṣù karùn-ún, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Why you deny me that day?"

Ó wò mí lójú. "Mami, fear catch me. If that day come again, fear go still catch me."

Ọwọ́ ń yún mi kí n gbá a létí. Kò tilẹ̀ lè purọ́ kó fi tù mí nínú! Mo ti múra ohun tí màá sọ sílẹ̀ bó bá bẹ̀bẹ̀, mo ti múra sílẹ̀ bó bá ṣàwáwí. Kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Mo ní kó máa lọ. Inú ṣì ń bí mi di òní, n ò sì tíì dárí jì í.

Nígbà tó yá, àwọn aṣojú ìhà méjèèjì wá wo bí ètò náà ṣe ń lọ. Wọ́n bi mí bóyá mo ṣì ń dúró fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "So una don trust una selves?"

Mo ní rárá o. Mo ní òótọ́ kan péré ni mo tíì gbọ́ lẹ́nu obìnrin náà, òótọ́ ọ̀hún ò sì dáa, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́.