Igba Ojú fún Ìyá Akàn

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í rí nǹkan kí n má tú ìdí rẹ̀ wò. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè ni n óò fi pa ara mi. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n rán mi lọ tọ́jú ìyá arúgbó òyìnbó kan ní Stapleton, ní Staten Island, tí mo sì gbọ́ pé kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, inú mi dùn. Mo ti rí ẹni tí n óò máa da ìbéèrè bò.

Ọmọ England ni. Holderness lorúkọ agbègbè wọn, ní etíkun ìlà-oòrùn níbẹ̀, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ atukọ̀ ló gbé e wá sí New York. Ọkọ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Màmá ni mo ń pè é. Ó kọ́kọ́ fárígá, ó ní òun kọ́ lòun bí mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, ẹnu mi ò lè gba orúkọ yín." Nígbà tó yá, ó gbà bẹ́ẹ̀.

Bí mo bá ti ń fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀ láàárọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ńlá etíkun wọn ló máa ń sọ. Apẹja kan wà tó so okùn mọ́dìí, tó wẹ̀ lọ fa àwọn atukọ̀ jáde nínú ọkọ̀ tó fọ́. Obìnrin ayàwòrán kan wà tí kò ya nǹkan mìíràn rí ju ìgbì òkun lọ, tí àwọn olówó sì ń du àwòrán rẹ̀ rà. Olùkọ́ kan sì wà tó ń wọn ilẹ̀ lọ́dọọdún kó lè mọ ibi tí òkun jẹ dé. Mo bi í pé níbo ló wọ̀n gbẹ̀yìn. Ó ní iyàrá ara rẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ó wá bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni Yorùbá ń pe irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo ní gbajúmọ̀, pé igba ojú ló mọ̀ wọ́n. Màmá gba ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó ní abúlé àwọn ò fìgbà kankan pé igba èèyàn.

"Màmá, ojú la wí, a ò wí orí. Ọgọ́rùn-ún èèyàn ti tó."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá mi ńkọ́?"

Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn wà létí bèbè òkun. Bí omi ṣe ń jẹ bèbè náà ni itẹ́ òkú ń ya lulẹ̀, tí eegun sì ń fọ́n ká orí yanrìn. Àwọn ará abúlé a gba ibòmíràn kọjá. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò lè mójú kúrò. Láàárọ̀, bí omi bá ti fà sẹ́yìn, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀, á ṣa eegun sínú épírónì, á fi omi tó mọ́ fọ̀ wọ́n, á sì lọ sin wọ́n sẹ́yìn oko, níbi tí òkun ò tíì dé.

Mo bi í pé eegun ta ni.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá mi ní ọmọ abúlé ṣáà ni wọ́n."

Dókítà ti sọ fún un pé ìgbàgbé tó ń ṣe é máa le sí i ni. Ohun tó ń dun Màmá kì í ṣe ti ara rẹ̀. "Bí mo bá gbàgbé," ó ní, "ojú mélòó ló kù tó mọ ìyá mi?" Gbogbo ayé ti gbọ́ nípa apẹja, wọ́n gbọ́ nípa ayàwòrán, kò sẹ́ni tó gbọ́ nípa eléegun.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ojú kiri. Ó sọ ìtàn náà fún ẹni tó ń mú lẹ́tà wá, ó sọ ọ́ fún obìnrin tó ń ta gàrí lójú títì wa. Ọkùnrin kan tó wá tún hítà ṣe ń tẹ fóònù bí ó ṣe ń sọ ọ́. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n já fóònù náà gbà. Mo wá ro ó pé, níbo la ti lè rí ọgọ́rùn-ún Yorùbá tó jókòó sójú kan? Mo bi ọmọbìnrin rẹ̀ lórí fóònù, ó sì gbà, ni mo bá mú Màmá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mariners Harbor lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nígbà tó kan ìjẹ́rìí, Màmá dìde, mo ń túmọ̀. Gbogbo wọn ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo ṣáà fẹ́ kó dùn. Nígbà tó sọ ti eegun tán, Ìyá Ìjọ, tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin wa, dìde.

"Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Please, kí lorúkọ ìyá yín, ká lè bá yín dúpẹ́ lórí wọn?"

Màmá la ẹnu. Ó wá orúkọ náà tì. Ó wojú mi, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Pẹ̀lú gbogbo ojúmìító mi, n kò bi í léyìí rí, torí lọ́dọ̀ wa, ta ní í bèèrè orúkọ àbísọ ìyá àgbàlagbà? A lè bi ọmọ rẹ̀ lọ́la, àmọ́ ìsinsìnyí ni wọ́n ń bi í. Ó dùn mí wọra pé èmi ni mo gbé e síwájú gbogbo wọn.

Ìyá Ìjọ ti rí i. Ó ní, "Ah-ah, ta ló tún ń pe ìyá lórúkọ? Kí ni wọ́n ń pe ẹ̀yin ní kékeré?"

Màmá rántí ìyẹn. Ìyá rẹ̀ ń pè é ní akàn, torí ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi rìn lórí yanrìn.

"Ó parí! Ìyá Akàn ni wọ́n. Ìyá Akàn, ẹ ṣeun o!"

Gbogbo ìjọ gbè é. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín pè é bí ẹni ń pe Akan, ẹ̀yà àwọn ará Ghana, àmọ́ wọ́n pè é. Màmá sunkún, èmi náà sunkún.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, ó kọjú sí mi. "Ìyá tìẹ ńkọ́? Kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo sọ bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é, Ìyá tòun ti orúkọ mi.

"Orúkọ tìẹ nìyẹn. Tirẹ̀ ni mo ń bi ọ́."

Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti kú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò pe orúkọ rẹ̀ rí, àrífín gbáà ni. Grandma làwọn ọmọ mi mọ̀, wọn ò sì bi mí rí. Mo wo ìyá arúgbó yìí, tó ṣì ń wá orúkọ ìyá rẹ̀, ẹ̀rù bà mí gidi. Mo wẹ̀yìn wò bóyá Yorùbá kankan wà nínú bọ́ọ̀sì, mo sì pe orúkọ ìyá mi.

Màmá pè é tẹ̀lé mi. Ó gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo tún un pè fún un, sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ.