Mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì Ládiípọ̀

Ládiípọ̀ tó ń tún mọ́tò ṣe ní Pobè kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ọ̀mùtí, kò sì na ìyàwó rí. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní, inú sì ń bí mi. Òdìkejì ilé rẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ. Ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan ló gbé mọ́tò tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ náà gba ààlà láti apá Ìláròó wọlé, kí ilẹ̀ wa tó gba òmìnira. Ó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Towé, ó fi í sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní òun ń bọ̀. Kò wá mọ́. Adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yé sínú rẹ̀. Mọ́tò pẹlẹbẹ ni, kò ní òrùlé, ènìyàn méjì péré ló gbà, imú rẹ̀ sì gùn bíi ti ẹmọ́. Irú rẹ̀ làwọn òyìnbó fi ń sáré ìje nígbà àtijọ́. Lọ́dún kejì òmìnira, Ládiípọ̀ rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ni igi máńgòrò, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kámíọ̀ akẹ́rù, ó wọ́ ọ wá sí Pobè.

Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú. Àwọn awakọ̀ tó ń gba Ìláròó kọjá ti sọ fún un pé ọkùnrin kan wà ní Èkó tó ń jẹ́ Ṣóbándé, tó ń wá irú mọ́tò àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kiri fún àwọn tó ń sáré ìje. Nítorí náà, tó bá ti parí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀, abẹ́ mọ́tò yẹn ló ń wọ̀. Irin tí kò bá rí rà, á fọwọ́ ara rẹ̀ rọ ọ́. Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ló rán awọ ìjókòó rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì á wọ aṣọ funfun, wọ́n á fẹsẹ̀ lásán lọ sí ìsìn gẹ́gẹ́ bí ìjọ wọn ti ń ṣe, gíríìsì á sì wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ Ládiípọ̀. Àwọn àgbà ìjọ ń ráhùn pé ó ń ba ẹní jẹ́.

Ẹni tí mọ́tò náà bí nínú jù ni Alphonse, bàbá Morẹ́nikẹ́. Ọmọ Sakété ni, ó ṣe kọmí, ìyẹn akọ̀wé, ní ibùdó rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì kọ́lé sí Pobè níbí, nítòsí ibùdó náà. Alphonse kì í sọ̀rọ̀ bí ẹ̀dá. Òfin ló máa ń ṣe. Ó wá lọ́jọ́ kan, ó yí mọ́tò náà ká, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ládiípọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí ẹ̀ wà! Apá òsì mọ́tò lawakọ̀ ń jókòó sí nílẹ̀ yìí. Ta ló máa rà á? Òkú Gẹ̀ẹ́sì?”

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Alphonse fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, pẹ̀lú oyún nínú.

“Morẹ́nikẹ́ ń bá mi lọ. N kò sì fẹ́ kó o gé mọ́tò yìí wẹ́wẹ́ tà fáwọn alágbẹ̀dẹ, káyé máa wí pé ẹni tó ń ta àlòkù irin ni mo fọmọ fún. Ọjọ́ tó o bá ta mọ́tò yìí, tó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ kúrò níwájú ilé rẹ, ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ máa padà wá.”

Ilé Alphonse ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Bí Ládiípọ̀ bá fẹ́ rí i, àfi kó dúró de ọjọ́ ìsìn.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín níwájú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn ló kó bá Ládiípọ̀. Bó bá jẹ́ pé ó lè fi etí kan gbọ́ ọ kó sì fi èkejì dà á nù ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ó mú ayùn, ó gé pákó dídán tó wà níwájú awakọ̀. Ó lu irin ní ihò tuntun lọ́wọ́ òsì, ó fi iná jó ihò ti ọ̀tún pa. Nígbà tó parí, ìdarí ti wà lápá òsì, ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ibẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀. Alphonse wá wò ó, ó mi orí.

“Ó dáa. Mọ́tò ènìyàn nìyí.”

Ọ̀rọ̀ rere kan ṣoṣo tó sọ fún un rí nìyẹn. Inú Ládiípọ̀ dùn débi tó fi wa mọ́tò náà dé Sakété, tó tún wà á padà. Bó ti ń kọjá nítòsí ibùdó rélùwéè, Morẹ́nikẹ́ sáré jáde síta pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, “Tàntí Victorine, ọjọ́ tí wọ́n bá rà á, màá gbọ́ ohùn ẹ̀ tó bá ń kọjá lọ. Mi ò ní dúró kẹ́nì kan wá pè mí.”

Ṣóbándé wá lóòótọ́, òun àti kámíọ̀ rẹ̀. Ó ní kí Ládiípọ̀ ṣíná ẹ́ńjìnnì náà. Ṣóbándé dijú, ó tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́hùn-ún. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn.

“Ta ló gbé ìdarí yìí kúrò?”

“Èmi ni, ọ̀gá. Mo tún un ṣe ni.”

“O bà á jẹ́ ni. Àwọn tó ń ṣètò ìje máa ń yẹ mọ́tò wò kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ pápá. Tí kò bá rí bí àwọn tó ṣe é ṣe fi í sílẹ̀, wọn ò ní gbà á.”

Ládiípọ̀ dọ̀bálẹ̀. “Ẹ dákun, màá dá a padà sápá ọ̀tún.”

“Irin tó o ti gé, ṣé ó máa hù ni?”

Ọkùnrin náà ní òun ní irú mọ́tò yẹn kan nílé tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti fọ́, pé ẹ́ńjìnnì nìkan lòun máa rà. Ó ní kí Ládiípọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Mo pariwo láti ojúlé mi.

“Má tú u o! Rántí ohun tí àna rẹ wí!”

Ládiípọ̀ wò mí. “Tàntí, tí eléyìí bá lọ, ta ló tún ń bọ̀?”

Ó ń tú u, ó ń nu nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan bó ti ń yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú kámíọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi okùn dè é, kó má baà gbá ara pákó kámíọ̀ lójú ọ̀nà.

Kámíọ̀ náà gba iwájú ilé Alphonse kọjá. Morẹ́nikẹ́ ti gbọ́ pé ẹni tó fẹ́ rà á ti dé, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ń tẹ́tí sí ohùn mọ́tò ọkọ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ohun tó ń retí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lójú òun yẹn.

Ládiípọ̀ bẹ ọkùnrin mẹ́ta, wọ́n bá a ti ìyókù mọ́tò náà jáde lọ sílé Alphonse. Mo tẹ̀ lé wọn. “Ó ti kúrò nílé mi,” ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá pàdé, “ẹ ẹ̀ rí i pé ó ti kúrò.” Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́ fún un, kì í sì í ṣe pàtẹ́wọ́ ìyìn.

Alphonse jókòó síwájú ilé. Morẹ́nikẹ́ jáde, ẹrù wà lórí rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ládiípọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbé owó síbi ẹsẹ̀ àna rẹ̀.

“Bàbá, mo ti tà á.”

“Kí lo tà?”

“Ẹ́ńjìnnì ni, bàbá. Wọn ò gba ìyókù, nítorí ìdarí tí mo yí.”

“Ta ló ní kó o yí i?”

Gbogbo wa wò ó. Ká ní irọ́ ló ń pa ni, ì bá sàn. Alphonse ti gbàgbé ẹ̀rín tó rín nítorí ìdarí náà pátápátá ni, mo sì kórìíra rẹ̀ fún un títí dòní. Ó wá nawọ́ sí àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà.

“Àwọn wọ̀nyí ń kọ́?”

“Àwọn ló bá mi tì í, bàbá.”

“Ẹsẹ̀ ta wá ni mọ́tò náà fi rìn dé ibí?”

Alphonse fi bàtà ti owó náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. “Morẹ́nikẹ́, sọ ẹrù kalẹ̀.”

Mo ń gbàdúrà kó kọ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì wọlé.

Ojú ọ̀nà ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀, àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà sì ṣì di mọ́tò mú kó má baà yí lọ. Ọ̀kan nínú wọn bi Ládiípọ̀ pé níbo ni kí àwọn tì í lọ.